Ọjọ́ Tí Mo Ti Ìrẹsì Mọ́lé

Ìrẹsì òkè òkun ni mo ń tà ní Mile 12 lọ́dún náà, ní àpò-àpò àti ní kóńgò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí rédíò ọkùnrin tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa ò fẹ́ tà síta mọ́, pé kí àwọn ará ilé wọn kọ́kọ́ jẹ yó. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo wọ́ gbogbo àpò tó wà níta wọlé, mo sì fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìrẹsì ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi ń dùn, mi ò ní parọ́.

Obìnrin kan wà tó ń se oúnjẹ fún àwọn alábàárù ní Ojota. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi. Mọ́mì ni mo ń pè é, torí ó jù mí lọ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sáré dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àpò kan. Omi ti ń hó lórí iná mi."

"Ìrẹsì ti tán, Mọ́mì."

"Ó tán báwo? Ṣebí lánàá ni mo rí i tó ga dé òrùlé?"

"Mo ní ó ti tán. Ẹ má dà mí láàmú!"

"Olè ni ẹ́!" Ó di ọrùn aṣọ mi mú.

Mo gbá a létí, èmi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ki àtàǹpàkò òsì mi bọ ẹnu, ó sì gé e jẹ títí mo fi gbọ́ tí egungun ró. Kóńgò irin wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo là á mọ́ ọn níwájú orí. Ó ya ẹnu, ó tú mi sílẹ̀. Mo tún là á. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, ìkà ni.

Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Àwọn tó ti ń wá ìrẹsì kiri láti àárọ̀ pariwo pé, "Ó ti pa ìyá yẹn o!" Wọ́n fi irin já ilẹ̀kùn, wọ́n tì mí ṣubú, wọ́n sì gba orí mi wọlé. Ẹnìkan fi bàtà gún mi níhà, egungun méjì ṣẹ́. Wọ́n ń fa àpò ya mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń lu ara wọn lórí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Mo fẹ́ rákòrò padà wọlé, ọkùnrin tó ń ta ẹ̀wà fà mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kó o! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Láìpẹ́ sí i, orí ìdùbúlẹ̀ ni mo wà nígbà tí ìròyìn dé pé ìjọba ti yọ owó ibodè kúrò lórí ìrẹsì tó ń wọlé. Owó rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn tó kó ọjà pamọ́ bíi tèmi wá ń bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n rà á.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ bá Mọ́mì ní Ojota. Àpá kan ti wà lójú rẹ̀, láti ìdí irun dé ìpéǹpéjú. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ forí jì mí."

"Mi ò tíì lè forí jì ẹ́," ó wí. "Dìde, wá bá mi sọ ìkòkò yìí kalẹ̀. Ó wúwo."

Mo fi aṣọ di etí ìkòkò náà mú, a sì jọ gbé e.