Awọ Abẹ́ Nọ́ọ̀tì

Títí di òní, àyà mi ṣì ń já bí mo bá rántí ọjọ́ tí mo gbé ìyá mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Rélùwéè ò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Ìlọrin nígbà náà, tísà kékeré sì ni mí. Mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù kan. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, irin kékeré tí a ń yí mọ́ ẹnu ọ̀pá kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má baà yọ, kì í dúró. Bí mo bá fún un le láàárọ̀, òkúta ojú ọ̀nà á ti gbọ̀n ọ́n tú kí n tó dé ilé-ìwé. Mo fi irin pẹlẹbẹ há abẹ́ rẹ̀, òun náà ń yọ̀ ni. Mo wá rò ó pé ohun tí kì í ṣe irin ló máa lè di irin mú.

Òwú ni mo kọ́kọ́ wé mọ́ ọ̀pá náà. Ó ṣe dáadáa, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá tú nọ́ọ̀tì ló ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìwo màlúù tí mo gé róbótó sán lọ́jọ́ kejì. Oníṣẹ́ awọ àdúgbò wa ló wá kó awọ méjì síwájú mi, ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan gbẹ.

Ó ní, "Tísà, bàtà mélòó lẹ fẹ́ rán fún kẹ̀kẹ́ yín?"

Mo mú èyí tó gbẹ, torí èyí tó rọ̀ ti mu òróró, yóò sì máa yọ̀. Mo gé e róbótó sábẹ́ nọ́ọ̀tì, mo gun kẹ̀kẹ́ náà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ọ̀tì ò mira.

Ni ìròyìn dé pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń ṣàìsàn ní abúlé, wọn ò jẹun mọ́, ìyá mi ni wọ́n ń béèrè. Orúnkún ò sì jẹ́ kí ìyá mi rìn jìnnà. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ.

"Ṣé kò ní já wa sílẹ̀?"

"Mo ti dán an wò, Ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

A ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò nígbà tí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fì sọ́tùn-ún, táyà há mọ́ irin, a dúró gbagidi. Inú koríko ni mo ti rí ìyá mi. Wọn ò fara pa, àmọ́ nígbà tí mo wo ẹnu ọ̀pá, nọ́ọ̀tì ti lọ.  Mo fọwọ́ kan awọ, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí òrí.

"Ìyá, ta ló fi òrí síbí?"

"Èmi ni. Ọyẹ́ ti mú awọ yẹn, ó gbẹ háúháú. Mo yọ́ òrí láàárọ̀, mo dà á sí i títí ó fi yó. Ṣebí bí a ṣe ń tọ́jú awọ nìyẹn?"

 Èmi tí mo ń ṣàlàyé fún ọmọ ọlọ́mọ látàárọ̀ dalẹ́, n kò sọ fún ẹni tó máa jókòó lé e pé gbígbẹ awọ náà ni agbára rẹ̀.

Mo padà sẹ́yìn, mo ń fọwọ́ wá inú eruku títí mo fi rí nọ́ọ̀tì. Kí n tó dé, ìyá mi ti bọ́ tírà apá wọn, èyí tí ìyá tiwọn so fún wọn ní kékeré, wọ́n ń fi eyín já okùn awọ rẹ̀.

"Sùbúhánáláì! Ìyá, tírà yín!"

"Okùn ni mo já, n ò já ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Gbà, kí n lè bá ẹ̀gbọ́n mi láyé."

Okùn awọ náà ti gbẹ bí igi. Mo fi ọ̀bẹ dá a lu, mo sì fi sípánà fún nọ́ọ̀tì lé e lórí. Ó dúró.

Nígbà tí a dé abúlé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dùbúlẹ̀, ojú wọn là. Apá ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

"Tírà ìyá wa dà?"

Ìyá mi tú etí ìró, wọ́n fi tírà náà sí ẹ̀gbọ́n wọn lọ́wọ́. "Okùn rẹ̀ ló gbé mi wá, lórí kẹ̀kẹ́."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń sá fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹnu yà mí ju ti ojú ọ̀nà lọ: ẹni tí kò jẹun mọ́ náà ní kí wọ́n po kókó, ẹ̀kọ mímu, fáwọn.