Dúlò fún Àwọn Eku Funfun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín jù. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ohun tí ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n kọ jù ni "mo ti gbálẹ̀" nínú ìwé iṣẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, ẹ bá mi nà án. Ẹnu mi kì í là níwájú èèyàn méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan lọ́nà Ara, kò jìnnà sí Èjìgbò. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí a ń pè ní ilé eku. Eku funfun àti ehoro ló wà níbẹ̀, nínú àgò onírin. Àwọn ọ̀gá máa ń fi oúnjẹ tuntun dán wọn wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dáa fún ẹran ọ̀sìn. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mo sì ń pààrọ̀ èérún pákó tí wọ́n ń sùn lé. Bàbá arúgbó kan ló ń fún wọn lóúnjẹ àti omi.

Bàbá yìí ti pẹ́ ní Abidjan kó tó padà wálé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, Faransé sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀pà láti inú àpò tó lu. Omi kì í jẹ́ omi lẹ́nu rẹ̀, "dúlò" ni. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á ní, "Bọ́ńsúù, ìyàwó mi. Ṣé àwọn ọmọ wa jíire?" Àwọn eku ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ojú á tì mí, màá yáa lọ mú ìgbálẹ̀.

Káàdì kan wà lára àgò kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni Bàbá ń kọ ohun tó fún wọn sí, àti ìgbà tó fún wọn. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì wọlé, tí èmi àti Bàbá jọ ń gbà, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, páànù orí ilé sì ń gbóná bí agbada. Mo rí i pé káàdì ti yí padà: "Oúnjẹ, àárọ̀. Dúlò, ìrọ̀lẹ́." Mo ń gbálẹ̀ mi lọ. Ta ni èmi tí màá bá àgbàlagbà wí?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun tí gbogbo obìnrin mọ̀ yọ mí kúrò nínú ààwẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. N kò lè sọ irú ìyẹn fún Bàbá. Mo kàn ń jẹ́ kí ètè mi gbẹ bíi tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà ẹranko kan dé láti olú ilé iṣẹ́ wa, obìnrin kan tó wọ bàtà ràbà bí ẹni tó ń lọ oko àkùrọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹran ìwádìí wò, kó sì ní kí wọ́n tún ohun tí kò dáa ṣe. Ó ní kí á gbé àgò ehoro méjì kúrò níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ èérún pákó mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí pé ó dáa. Ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka káàdì.

"Òògùn wo ló ń jẹ́ dúlò?" Ó kọjú sí mi. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fún wọn lóògùn nírọ̀lẹ́?"

Mo nàka sí ìgò omi.

"Ṣé inú omi lẹ ń pò ó sí?"

Mo mi orí pé rárá, mo tún nàka sí ìgò.

"Bàbá, ṣé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, Dókítà. Àwọn eku ló ń bá sọ ọ́." Bàbá gbé àgò ehoro kalẹ̀. "Omi ni dúlò. Faransé ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àgò mú. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gé lójijì. "Omi nírọ̀lẹ́. Tàárọ̀ wá ńkọ́?"

Bàbá tún gbé àgò ehoro tó ti gbé kalẹ̀.

Dókítà mú eku kan jáde, ó rọra fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Awọ náà dúró ṣánṣán bí aṣọ tí wọ́n fi èékánná ká, kò tètè padà. "Òùngbẹ ti ń gbẹ èyí. Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí eku máa gbààwẹ̀?"

"Rárá o! Wọ́n ń jẹun tiwọn láàárọ̀. Omi yẹn nìkan ni." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìró rẹ̀ ni, Dókítà. Bí mo bá ń dà á sínú ìgò, á máa dún gbùlù-gbùlù. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n mu tehoro."

"Ẹ ò bá fi òwú dí etí."

"Mo fi dí i. Mo ṣì ń rí i."

Dókítà gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ omi sínú gbogbo ìgò; Bàbá jáde síta títí ó fi parí. Nígbà tó wọlé padà, Dókítà sọ fún un pé, "Bàbá, ooru yìí lè pa wọ́n. Bí wọ́n bá sì rù, ta ló máa mọ̀ bóyá oúnjẹ tuntun ló fà á tàbí òùngbẹ? Mò ń padà bọ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Bí mo bá bá ìgò kan ní gbígbẹ, màá kọ ọ́ pé kí wọ́n fa ilé yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má bínú."

"Màá dà á," Bàbá dáhùn. "Màá dijú."

Nígbà tí Dókítà lọ tán, Bàbá jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé, ó ń wo àwọn eku bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n lá omi, tá-tá-tá. "Bí wọ́n bá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ta ni mo fẹ́ máa kí láàárọ̀?" Ó wojú mi. "Ǹ bá ní kí o bá mi dà á, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n òùngbẹ tìẹ náà tó ọ."

Mo fẹ́ sọ fún un pé n kò sí nínú ààwẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi, ó padà. "Ó dàárọ̀, Bàbá," ni mo sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ò tíì yọ dáadáa tí mo ti dé ilé eku. Mo fọ gbogbo ìgò, mo rọ omi kún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ́ wọn padà sára àgò. Mo mú káàdì, mo kọ "Omi, àárọ̀." Mo pa "omi" rẹ́, mo kọ "dúlò." Díẹ̀ ṣẹ́kù nínú garawa. Mo bù ú sínú ife, mo kọjú sí ògiri, mo sì mu ún.