Mo Gbẹ́ Ẹ Ni

Òórùn iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlóbì lọ́jọ́ ìkórè. Iyẹ̀pẹ̀ pupa á ṣì wà lára wọn, ọsàn á kún inú agbọ̀n, àkùkọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì á sì máa kọ bí àlùfáà bá ti ń wàásù. Ibẹ̀ ni mo gbé kéèkì mi lọ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo sì rọra gbé e sáàárín iṣu tí àwọn àgbẹ̀ tò síwájú pẹpẹ, torí pé bí iṣu gan-an ni mo ṣe é.

Má rò pé mò ń fọ́nnu o. Iṣu yẹn jọ iṣu! Mo to kéèkì léra, mo fi bọ́tà lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo wá fi ọ̀bẹ kékeré gé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí gbọọrọ. Mo fi ṣúgà pípò bò ó bí èèpo, mo fi kòkó lílọ̀ kùn ún, mo sì fi ṣúgà tín-ín-rín ṣe irun ara rẹ̀. Kódà, mo dá ọgbẹ́ sí i lára, bíi pé ọkọ́ ló ṣèèṣì bà á nígbà tí wọ́n ń wà á. Kì í ṣe eré ni mò ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní pólì Ìlaròó, bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè mi pé mo ṣì ń wá iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kéèkì, mo ní oníbàárà, mo ṣì ń wá iṣẹ́! Ó dùn mí wọnú eegun. Mo fẹ́ kí ará ilé fi ojú ara wọn rí i pé iṣẹ́ nìyí.

Bàbá àgbà tó ń to irè oko mú un lórí, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ti ń tẹ iṣu wò, àtàńpàkò sì rì wọnú rẹ̀.

“Èyí ti jẹrà o!” ló pariwo. Ó wo bọ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi kan ahọ́n. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa.

“Ìwọ ọmọ tíṣà, báwo lo ṣe ṣe èyí?”

“Mo gbẹ́ ẹ ni, mà.”

“Ẹn-ẹ́n, o gbẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n bá gbẹ́, kí là ń pè é? Ère ni! A kì í gbé ère síwájú pẹpẹ.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Bàbá mi sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Ṣáà sọ pé o yan án. Kéèkì, yíyan ni wọ́n ń yan án. Tọrọ àforíjì, kó tán síbẹ̀.” Lóòótọ́, mo yan án. Ta ni kò lè yan kéèkì? Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo yan án tán, tí mo doríkodò sí i títí ọrùn fi ń ro mí, ìyẹn ni iṣẹ́ mi, mi ò sì ní fẹnu ara mi pa á rẹ́.

“Mo gbẹ́ ẹ ni, mà,” mo tún wí. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo gbé kéèkì mi, mo sì jáde. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mi ò lọ sílé. Abẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde lè rí mi. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn nawọ́, mo sì gé e fún wọn. Bàbá mi jáde pẹ̀lú obìnrin kan tó wá láti Ọjà-Ọ̀dàn.

“Tíṣà, ọmọ yín nìyí? Ṣé ó ti wá ríṣẹ́?”

Bàbá mi wo iṣu tó kù lórí àwo, ó bù ú jẹ, kò wo ojú mi rárá.

“Ó ti ríṣẹ́,” ló wí. “Kéèkì ló ń gbẹ́.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ ránṣẹ́ pé kí n mú kéèkì wá síbi ìkórè, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó rí roboto lásán, kí n má gbẹ́ nǹkan kan o. Mo ra ojúlówó iṣu kan, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ká ní mo gbà kí wọ́n yọ “mo gbẹ́ ẹ” kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ì bá yọ ọ̀bẹ náà kúrò lọ́wọ́ mi, ǹ bá sì wà nílé bàbá mi dòní, tí mò ń wá iṣẹ́.