Ọjọ́ tí Mo Kúnlẹ̀ Lórí Yìnyín

Èmi àti Mark, ọmọ òyìnbó tí a jọ ń fi bàtà onírin jó lórí yìnyín, gba ife-ẹ̀yẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ṣubú ní Houston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kò kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá mi kì í wá wò wá. Wọ́n ní, "Ọkùnrin wo ni yóò máa gbé ọmọ mi sókè ní gbangba?"

Lọ́jọ́ náà, bí Mark ṣe gbé mi sókè, mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Mo gbàgbé láti di Mark mú. Mo ṣubú lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo àgbọ̀n mi.

A ṣáà jó o parí. Dípò kí n tẹríba fún àwọn adájọ́, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mark náà kúnlẹ̀.

Bàbá wá sí etí yìnyín, wọ́n wo Mark lójú, wọ́n ní, "Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni tìrẹ. Dìde, ọmọ mi."

Ọwọ́ òfo la gbé délé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Bàbá ló ń bá wa gbé bàtà onírin wa.