Sípíríǹgì Kẹta

Òórùn pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ ló máa ń jí wa nílé wa nítòsí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi máa ń tún ẹ̀rọ ìgégi ṣe, èyí tí àwọn agégẹdú ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀, iwájú ilé wa gan-an sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òórùn yẹn wà lára aṣọ wa, ó wà nínú gààrí tí à ń mu. Níléèwé, "Rísí Onípẹtiróòlù" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣáà mọ bí ẹnu ọmọdé ṣe máa ń mú.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí Bọ̀ọ̀dá Làmídì gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Agégẹdú ni, bí àbúrò ló sì jẹ́ fún bàbá mi. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè mí, tó bá sì ti igbó dé, á bá mi mú àgbálùmọ̀ bọ̀. Ẹ̀rọ náà ti gbó débi pé ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó tán. Tí wọ́n bá fa okùn rẹ̀ nígbà ogún, á kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Làmídì, o ò ṣe jẹ́ kí arúgbó yìí sinmi?"

Bọ̀ọ̀dá Làmídì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi jí i. Òun náà ni mo fi ń jẹun."

Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá mi fi tú u. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ohunkóhun tó bá tú, á fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, èmi á wá tò ó sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀léra wọn, bí èèyàn ṣe ń tò láti kírun. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló máa ń wí. Inú mi máa ń dùn pé èmi ló gbé títò yẹn fún, tí kò gbé e fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Sípíríǹgì kéékèèké mẹ́ta wà nínú ẹ̀rọ náà. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ṣéènì eléyín yẹn máa yí nígbà tí agégi bá tú ọwọ́, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń ké. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti gbó. Bàbá mi ra tuntun mẹ́ta, ó ju àwọn ògbólógbòó sínú agolo mílíìkì.

Nígbà tó lọ kírun ọ̀sán, mo mú ọ̀kan nínú àwọn tuntun, mo fi ṣe òrùka, mo ń jó kiri. Bó ṣe yọ̀ bọ́ sínú gọ́tà nìyẹn. Mo fọwọ́ tú ẹrẹ̀ títí, n ò rí i. Yéè! Bàbá mi kì í lu èèyàn lásán, ṣùgbọ́n tó bá lu èèyàn, ara á gbọ́. Mo yọ ògbólógbòó kan nínú agolo, mo fi yanrìn àti pẹtiróòlù bó o títí ó fi ń dán, mo tò ó mọ́ àwọn méjì yòókù. Bàbá mi dé, ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó fa okùn. Ẹ̀rọ náà ké. Ṣéènì dúró nígbà tó yẹ kó dúró. Bọ̀ọ̀dá Làmídì ń jó, mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé Bọ̀ọ̀dá Làmídì dé láti inú igbó. Sípíríǹgì kan ti já. Ó ti tú ọwọ́ lára ẹ̀rọ, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè nu òógùn, àṣé ṣéènì ṣì ń yí. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ẹ̀rọ náà, wọ́n rí i pé ògbólógbòó ni èyí tó já. Bọ̀ọ̀dá Làmídì ní bàbá mi fi àlòkù tan òun jẹ. Bàbá mi ní tuntun mẹ́ta lòun rà, tuntun mẹ́ta lòun sì fi sí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú mọ́ṣáláṣí, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé Kùránì dání, ó ní bí òun bá purọ́, kí òun má rí ọdún iléyá. Mo wà láàárín àwọn obìnrin. Mo tọ̀ sára.

Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nípa ìbúra èké: ó ń pani ni. Láti ọjọ́ náà, tí bàbá mi bá wúkọ́, àyà mi á já. Láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, màá ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń mí. Nígbà tí iléyá kù díẹ̀, ibà dá a wó. Àwọn ará àdúgbò ní, "Kùránì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Ìyá mi ń sunkún lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún bàbá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ti bó. Ó ní, "Rísí, ṣé ìwọ náà rò pé mo purọ́ ni?"

Mo rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, ìbúra rẹ̀ á di èké lójú ẹsẹ̀, á sì pa á. Mo ní, "Rárá o, Bàbá." Mo gbé abọ́ jáde.

Ó yè. Ó pa àgbò lọ́dún iléyá yẹn, ó fi ẹran ránṣẹ́ sílé Làmídì, wọn ò gbà á. Àdúgbò bá dájọ́ pé nígbà tí Kùránì ò pa bàbá mi, Làmídì ló parọ́ mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ń yẹra fún un. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ. Ó wá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sábó, ó ń fi fáìlì pọ́n ṣéènì fún àwọn tó ṣì lè wọ igbó. Tí mo bá ń kọjá, kò pè mí ní ìyàwó mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òtítọ́ ò tíì gbéra nílé.

Lọ́dún tó kọjá ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì kú. Mo wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, lọ síbi ìsìnkú. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, áfáà bẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa pé ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó forí jì í. Bàbá mi, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, tẹ ọ̀pá bọ́ síwájú. Ó ní, "Ó bà mí lórúkọ jẹ́, ó mú mi búra. Mo ti forí jì í. Kí Ọlọ́run náà forí jì í." Ọmọ Làmídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn, pàṣán ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, lẹ́yìn náà, ikú bàbá rẹ̀. Èmi ńkọ́? Ta ló fẹ́ na ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta? Mo sì ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó búra lórí ohun tó dá a lójú kò búra èké. Kò sí ohun tó ń lé mi. Ọmọ yẹn sàn jù mí lọ, ẹ̀rù ló kúkú bà á. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n ń forí ji òkú fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá, mo la ẹnu, mo sì bá wọn ṣe àmín.