Pèrègún Ìdí Pẹpẹ Èlú

Oṣù mẹ́ta tí mo fi ṣe opó pé lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó bọ́jú tán, àbúrò ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Òwu pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Akọ̀wé ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọdún kejì tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni.

"Ìyàwó wa," ó ní, "àwọn àgbà ẹbí ní ká lọ rin ààlà oko ẹ̀gbọ́n mi yí po lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn la ó pín in fún àwọn ọmọ."

"Ó dáa, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n mú agbọ̀n mi."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò yẹn, ara mi dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní mọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í pín oko láìjẹ́ pé wọ́n rìn ín yí po, láti ibì kan padà sí ibẹ̀ gan-an, kí ẹni tó bá oko náà pààlà sì wà ńbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí, ààlà nìyẹn. Èmi ni wọ́n mú dání torí pé èmi àti ọkọ mi la máa ń ro etí ààlà ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Akọ̀wé ò mọ oko. Ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìlewó ló ń lọ.

Bàbá tó bá wa pààlà ti ń dúró dè wá létí odò pẹ̀lú àdá. Ó wo bàtà Akọ̀wé tó ń dán.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé igbó lo fẹ́ wá kàwé fún?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń rìn, kì í ṣe bàtà."

"A ó rí i."

A gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá, ìrì rin wá dé orúnkún. A wọ abẹ́ igi kòkó, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Koríko ti bo gbogbo ibẹ̀. Mo rí ahéré tí èmi àti ọkọ mi ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ọ̀kan nínú imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi bò ó ti já. Mo rò ó pé ó yẹ kí ẹnì kan tún un ṣe, mo sì kọjá. A wọ igbó gidi, ibi tí oòrùn kì í dé, a sì jáde sí odìkejì.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti dúró. Pèrègún méje tò gbọọrọ níwájú wa.

"Ó parí síbí," ó ní.

Akọ̀wé mi orí. "Pèrègún rèé lóòótọ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ibi tí pèrègún bá tò sí, ààlà ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ èmi ni mo rì í síbẹ̀. Èlú ni mo ń já nínú igbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí mo fi ń pa aró. Orí pẹpẹ ni mo máa ń sá a sí. Ikán ń jẹ ẹsẹ̀ pẹpẹ náà lọ́dọọdún, ni ọkọ mi bá ní ká gé pèrègún, pé ikán kì í jẹ igi tútù. Nígbà tí pẹpẹ wó, ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ kan kú, ọ̀wọ́ kejì sì hu ewé. A ò tún bojú wẹ̀yìn wò ó.

Bí igbó èlú yẹn bá di ti Bàbá, ìkòkò aró mi gbẹ nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹ nídìí ìkòkò náà.

"Bàbá, èmi ni mo rì wọ́n. Ẹsẹ̀ pẹpẹ ni."

"Ẹsẹ̀ pẹpẹ!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, láti ìgbà wo ni pẹpẹ ti ń hu ewé? Ta ni ẹlẹ́rìí ẹ?"

"Òun la sin."

Ohùn mi ò gbọ̀n. Akọ̀wé wojú mi.

"Ìyàwó wa, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò. Bí àgbà bá rì í, èédú á wà lábẹ́ ẹ̀."

Pèrègún yóò hù níbikíbi téèyàn bá rì í mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sin èédú sábẹ́ ti ààlà. Èédú kì í jẹrà, kì í sì í fẹsẹ̀ rìn. Akọ̀wé gba àdá lọ́wọ́ Bàbá, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì, ó gbẹ́ ọ̀kan tu. Yẹ̀pẹ̀ àti ekòló. Ó gbẹ́ èkejì, ó gbẹ́ ẹ̀kẹta.

"Bóyá òjò ti wọ́ ọ lọ," Bàbá ní.

"Kí òjò wọ́ èédú lábẹ́ gbòǹgbò? Bàbá, ẹ̀yin náà!" Akọ̀wé ní.

Mo mú wọn gba inú èlú kọjá. Létí àbàtà ni pèrègún àtijọ́ wà, ó sanra tó itan èèyàn. Akọ̀wé ò tíì gbẹ́ ẹ jìn tí èédú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tòun ti àpáàdì. Bàbá mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò nù ún.

"Bàbá mi ló rì í," ó ní. "Mo ti gbàgbé."

N kò mọ̀ bóyá ó gbàgbé lóòótọ́. N kò sì bi í. Ó dá èédú náà padà, ó fẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ lé e. "Ẹ jẹ́ ká yí i parí. Igbó èlú, ti àwọn ọmọ yín ni."

A yí i parí, a tún dé etí odò. Inú Akọ̀wé dùn, ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ṣáá ni pé, "Ìyàwó wa, pèrègún pẹpẹ yẹn ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Bí àwa tó mọ̀ bá kú tán, àwọn ọmọ á jà."

Òótọ́ ni. Mo ní kí ó máa lọ, mo padà sí ibẹ̀ lémi nìkan. Mẹ́rin ló kù. Mo fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ṣì ní ìtàkùn tí ọkọ mi fi so pẹpẹ mọ́ ọn. Ìtàkùn náà ti jẹ wọ inú èèpo igi. Mo fẹ́ tú u, kò ṣeé tú. Mo fà á tu pọ̀ pẹ̀lú igi, mo sì kó gbogbo wọn sórí àpáta kí oòrùn lè pa wọ́n, nítorí pèrègún téèyàn bá jù sílẹ̀ tútù, yóò tún hù.