Wọ́n Ní Ṣúgà Ni Mo Jẹ

Òórùn omi ògì tó ti kan ni mo jí sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá mi ti gbé ìkòkò agbo wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń ro egbò àti èèpo igi inú rẹ̀ pọ̀, àyù àti káún ń ta sí mi nímú. Ní agboolé wa ní Ẹdẹ, kò sí ọmọ tí kò mọ òórùn yẹn. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọmọ tí wọ́n bá ti bù ú fún, ẹjọ́ rẹ̀ ti tán.

Ìyá mi ní àtẹ kékeré kan níwájú ilé, wọ́n ń ta ọṣẹ, ìṣáná, iyọ̀ àti ṣúgà oníhóró. Ní ìdájí ọjọ́ náà wọ́n rí i pé ẹnìkan ti ya páálí ṣúgà kan, ó sì ti kó odidi ìlà kan jáde nínú rẹ̀. Ní ìdájí yẹn kan náà, èmi kò lè dìde lórí ẹní. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni pé wọ́n ki ìṣó gbígbóná bọ̀ ọ́, ìrora náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òsì. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ń ro mí."

"Ẹ̀yìn? Níbo lọmọdé ti rí ẹ̀yìn?" Wọ́n wo ìyá mi, ìyá mi wo páálí. "Ṣúgà ló ń mú ẹ̀yìn roni. Ẹ̀yìn ẹ ti jẹ́wọ́ kí ẹnu ẹ tó jẹ́wọ́."

Mo ní mi ò jẹ ṣúgà. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi nawọ́ sí pàṣán tó wà lára ògiri, mo gbé agbo náà mu.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn, ẹ mọ bí ó ṣe rí. Bí ìdí bá ń yún ọmọ, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí inú bá ń run ún, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, wọn kò tilẹ̀ ní béèrè. N kò bá egbò àti èèpo igi jà. Àìsàn wà tí wọ́n ń wò. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kékeré kan: "Kí ló ṣe ẹ́?"

Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá sọ. Ní òjò tó ṣáájú, à ń bọ̀ láti oko wa lọ́nà Sẹ́kọ́nà, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tútù wà lórí mi, ẹ̀gẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ju ẹni tó rù ú. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ létí odò, mo fi ìdí jókòó gbì lórí àpáta, ẹrù náà sì wà lórí mi síbẹ̀. Nǹkan kan dún nínú ẹ̀yìn mi bí igi gbígbẹ. Rámọ́nì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín títí òun náà fi jókòó. "Baba o! Kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan bọ́!" Òótọ́ ni, ẹ̀gẹ́ kankan kò bọ́. Bàbá mi yìn mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ọmọ tó gbọ́n, ẹrù ni í kọ́kọ́ dì mú kó tó di ara rẹ̀ mú." Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn kiri agboolé. Lónìí, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi a máa gbóná.

Agbo náà ń ṣí ìdí. Mo ń sáré lọ sí ṣáláńgá, mo ń sáré bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ ń dúró dè mí. Ebè kíkọ kò yẹ̀. Bí mo bá nàró láàárín poro kí ẹ̀yìn lè dẹ̀, bàbá mi á pariwo láti òdìkejì oko: "Ṣúgà ti gbé e dìde o!" Gbogbo oko á bú sẹ́rìn-ín. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi á kí mi lójú ọ̀nà: "Ṣúgà, ẹ̀yìn ńkọ́?" Ìyá mi ò pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kó ọjà wọn wọ yàrá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á sì wò mí kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ìwò yẹn ta mí ju pàṣán lọ.

Kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́, irun ti ń hù lábẹ́ apá mi. Oko ló dá mi dúró. Torí pé èmi ni mo ga jù ní kíláàsì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ní àdá láti gé koríko. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi á kú tipiri. Tíṣà bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí mo dúró. Kí n tó ya ẹnu, Rámọ́nì ti dáhùn: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, sà! Ó jí ṣúgà ìyá ẹ̀ jẹ!" Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì nà mí, ó ní ẹgba á lé e jáde. Ẹni tó kàwé! Ẹni tó ya eegun ẹ̀yìn sí ojú pátákó fún wa, tó ní kí a sọ iṣẹ́ rẹ̀!

Mo dàgbà, mo di awakọ̀ ìjọba. N kò fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mímu mọ́ láti ìgbà agbo yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rí mú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn kò yé ro mí. Ó yẹ kí ìyẹn ti tó láti da ẹjọ́ náà nù. Kò tó. Èmi gan-an tún ń ra agbo jẹ̀díjẹ̀dí mu ní gáréèjì, torí ohun tí wọ́n bá fi tọ́ ọmọ kì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Ìyàwó mi lẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan ibẹ̀ dáadáa. Ó ń fi òrí pa mí lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. "Bàbá Kúdí, àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn yín o." Ó mú ìka mi, ó fi kan ibẹ̀. Eegun kan yọ, èyí tó tẹ̀ lé e wọnú, bí àtẹ̀gùn lóòótọ́. Ó ní, "Ṣé ṣúgà ló ń kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?" Ó ní kí n lọ sí ọsibítù. Mo ń sún un síwájú. Ó kú kí n tó lọ. N kò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Dókítà tó wá yẹ̀ mí wò kò ju ọmọ mi lọ. Ó gbé àwòrán eegun mi síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka. "Bàbá, eegun yìí ti kán tipẹ́, ó jọ pé láti kékeré ni. Ìkejì wá ń yọ̀ kúrò lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà wo lẹ ṣubú?"

Mo wò ó. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Dókítà, mi ò jẹ ṣúgà náà."

"Kò burú, sà," ló wí. "Ìtọ̀ ṣúgà ò tiẹ̀ sí lára yín."

Wọ́n là mí lẹ́yìn, wọ́n fi irin de àwọn eegun náà kí wọ́n lè so pọ̀ di ọ̀kan. N kò ní purọ́ pé mo ti padà di ọ̀dọ́. Bí nǹkan bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀mú ni mo fi ń mú un. Bàtà tí kò ní okùn ni mò ń wọ̀. Orí àga ni mo ti ń kírun, ẹ̀yìn mi a sì máa le bí pákó láàárọ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n iná tó ń jó ẹsẹ̀ òsì mi ti kú. Mò ń sùn mọ́jú. Mò ń jókòó gbọ́ wáàsì Jímọ̀ dé ìparí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà tí mo sì rìn bọ̀, inú bí mi ju bí inú mi ṣe dùn lọ. Ṣé báyìí lara àwọn ẹlòmíràn ti ń rí láti ọjọ́ yìí? Ṣé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn nìyí?

Rámọ́nì wá kí mi kú ewu. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Ṣúgà, o wá jẹ́ kí wọ́n là ọ́ bí ẹja? Ohun tí agbo ìgò kan á ti ṣe!" Ẹ̀fẹ̀ ló rò pé ó ń ṣe. Mo ní kó dìde, ká lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Bàbá mi ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì wà nínú ilé ọjọ́sí. Mo mú àwòrán náà dání.

Ìyá mi gbé e sókè sí oòrùn. "Irin rèé?"

"Irin ni, Ìyá." Mo sọ ti odò, ti àpáta, ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́. Mo fi ibi tó kán hàn wọ́n. Mo ní ṣúgà kì í kán eegun.

Wọ́n ní, "Ọlọ́run á forí ji bàbá ẹ." Lẹ́yìn náà ni ojú wọn kúrò lára àwòrán, ó wá sára mi, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí o kàn tọ́ díẹ̀ wò níbẹ̀?"

"Ìyá! Mi ò jẹ ẹ́! Mi ò tọ́ ọ wò, mi ò fọwọ́ kàn án!" N kò gbé ohùn sókè bẹ́ẹ̀ rí ní ilé yẹn. Àwọn ará ilé ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Rámọ́nì ń wo ilẹ̀.

"Ó dáa, ó dáa," ni ìyá mi wí. "O ò jẹ ẹ́."

Ọmọ ọjọ́ yẹn, ká ní ó rí ìyẹn gbà, ì bá ti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ì bá sì sáré padà sí ìdí ebè rẹ̀. Èmi ò dúpẹ́. Mo dúró gbọnrangandan níwájú ìyá mi, mo ní kí wọ́n tún un sọ, kí gbogbo ilé lè gbọ́.